Ọkùnrin Tí Wọ́n Ní Ó Sin Ìyàwó Rẹ̀ sí Oko Larter

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní abúlé Wickering pé Desmond Gathercole ti pa Thelma ìyàwó rẹ̀, ó sì ti sin ín sí igun oko Rupert Larter, níbi tí igi ẹlẹ́gùn-ún ti pàdé kòtò omi. Ajá nìkan ni kò tíì mọ̀, àwọn ajá gan-an sì ti ń fura. Ikú náà kọ́ ló ń ká àwọn ará abúlé lára. Thelma kì í fẹ́ ariwo, gbogbo wa sì gbà pé ibojì yóò bá a lára mu. Ohun tó ń bí wọn nínú ni àìbìkítà Desmond: ó sin ìyàwó tán, ó gbàgbé ibi tó sin ín sí, ó wá di pé ojoojúmọ́ ló ń gbé ẹ̀rọ awárin, èyí tí ń wá irin nínú ilẹ̀, káàkiri oko olóko, tó ń wá a.

Doreen Catchpole, tó ni ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà lábúlé wa, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà jáde. Doreen kì í purọ́ o. Ó kàn máa ń sọ òótọ́ kó tó ṣẹlẹ̀ ni. Ẹ̀rí rẹ̀ sì dúró gbọn-in. Thelma kò wá ra búrẹ́dì mọ́ láti ìgbà Kérésìmesì. Desmond ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọbẹ̀ inú agolo ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò ní alábàájẹun. Èyí tó wá burú jù, Doreen fúnra rẹ̀ wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tó rí Desmond lórí eékún nínú yìnyín, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ilẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń mì. Ẹnì kan béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni ẹ̀rọ tí ń wá irin ṣe fẹ́ rí obìnrin. Doreen ní ṣé onítọ̀hún ti gbàgbé pé dókítà fi irin sí ìbàdí Thelma ni. Láti ọjọ́ náà, iyèméjì kúrò nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Thelma sílẹ̀ nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ná, ká sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹ̀wà tútù sínú agolo ni Desmond ti lo ayé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó jókòó ti ẹ̀rọ kan tí ẹ̀wà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ìṣó tàbí ègé irin bá wà nínú ẹ̀wà, ẹ̀rọ á ké, iṣẹ́ á dúró, ọ̀gá á sáré sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ojú á sì yí sí Desmond bí ẹni pé inú àpò rẹ̀ ni ìṣó náà ti jáde. Igbe yẹn mú kó hewú kó tó tó àsìkò. Ó ń gbọ́ ọ lójú oorun, ó ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tí a rò pé yóò máa gbin òdòdó tàbí kó máa bá ológbò jiyàn bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ńṣe ló lọ ra ẹ̀rọ tirẹ̀, èyí tí ń ké bó bá gbúròó irin nínú ilẹ̀. Thelma ní, ẹni tí ajá ti ń lé láti kékeré, ó bọ́ lọ́wọ́ ajá tán, ó lọ ra ajá. Desmond ní kò rí bẹ́ẹ̀: nílé iṣẹ́, bí ẹ̀rọ bá ké, wọ́n á bú òun, nínú oko, bí ẹ̀rọ bá ké, òun nìkan ló gbọ́, inú òun á sì dùn.

Ìgbà òtútù ni ìgbà àwọn awárin, àwọn tí ń fi irú ẹ̀rọ yìí wá nǹkan nínú ilẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń ràn, ọkà wà lórí ilẹ̀, àgbẹ̀ kò ní í jẹ́ kí o tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti kórè, tí wọ́n ti túlẹ̀, tí òjò ti fọ ojú ebè, tí gbogbo ẹni tó ní làákàyè ti ti ilẹ̀kùn jókòó ti iná, ìgbà náà ni wọ́n tó ń jáde. Òtútù oṣù kìíní lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ ni kannakánná fi ń rìn, ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá na apá, apá lè dá. Nínú irú òtútù yẹn ni wàá rí Desmond, tó wọ ṣòkòtò mẹ́ta lé ara wọn, tó ń ju ẹ̀rọ sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbá àgbàlá, láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ìyẹn bí oòrùn bá tilẹ̀ ráyè yọ. Ohun tó ti hú jáde láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ tó rọ ọkọ̀ ojú irin kan: bọ́tìnnì, ọta ìbọn, bàtà ẹṣin, òjé, ṣíbí tó ká kò, àti etí agolo bíà tí kò lóǹkà. Wúrà nìkan ni kò rí.

Wúrà yìí ló sì ń dùn ún. Nínú ẹ̀rọ, wúrà àti etí agolo bíà, ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wúrà, àfi kó máa wa etí agolo títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ awárin wa máa ń fọ́nnu pé ìyàtọ̀ díẹ̀ wà, pé ohùn wúrà rọ̀ ní ìparí, bíi ti obìnrin tó fẹ́ tọrọ nǹkan. Desmond kò mọ̀ ọ́n. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tó wá ra ẹ̀rọ tuntun ní Kérésìmesì, ó pinnu pé òun yóò gbọ́ ohùn wúrà kí òun tó kú, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra òun ni yóò sin wúrà náà.

Ibí yìí ni Thelma ti wọ ọ̀rọ̀. Àyà kì í jẹ́ kí Thelma gbádùn òtútù, nítorí náà ọ̀dọ̀ Yvonne àbúrò rẹ̀ ní Sípéènì ló máa ń sá lọ títí yìnyín á fi yọ́. Lọ́dún tí à ń wí yìí, oríkèé ìka rẹ̀ wú débi pé ọṣẹ ló fi bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀. Ó fi í sínú abọ́ kékeré kan lójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ní kí Desmond má fọwọ́ kàn án, ó wọ takisí ní kùtùkùtù ọjọ́ Sunday kan, ó lọ. Kò sọ fún Doreen, nítorí wọ́n ti jà lórí ẹni tó yẹ kó to òdòdó ṣọ́ọ̀ṣì. Lábúlé wa, ohun tí wọn kò bá sọ fún Doreen, kò tíì ṣẹlẹ̀.

Kí Thelma tó dé Sípéènì, òrùka ti wà lápò Desmond.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé yóò kàn gbé e sórí tábìlì, kó na ẹ̀rọ sí i, kó gbọ́ ohùn rẹ̀, kó dá a padà. Ẹni náà kò mọ ohun tí àwọn èèyàn yìí gbà gbọ́. Wọ́n gbà gbọ́ pé irin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀, àlejò ni; ilẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n, kò sì ní í jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó gbọ́dọ̀ pẹ́ níbẹ̀, kí omi inú ilẹ̀ bá a ṣeré, kí iyẹ̀pẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ìgbà yẹn ni ohùn rẹ̀ á tó jáde kedere. Inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé kò sì ṣeé lò, nítorí alágbẹ̀dẹ ló ti gbé ilé wọn rí, ìṣó pọ̀ ní ilẹ̀ ibẹ̀ ju òkúta lọ. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tó mọ́ tónítóní tí Desmond mọ̀ ni igun oko Larter. Òun nìkan ni Larter fún láyè níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀, ìgò ọtí líle kan ló sì ń tọ́jú àdéhùn náà ní gbogbo Kérésìmesì. Awárin kan lè yá ọ ní ilé rẹ̀, ó lè yá ọ ní ọkọ̀ rẹ̀. Kò ní í fi oko tí wọ́n fún un láyè hàn ọ́, bí ẹ tilẹ̀ jọ mu ọmú kan náà.

Bẹ́ẹ̀ ni Desmond ṣe ri òrùka ìyàwó rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ó gún igi ọparun kékeré sórí rẹ̀, ó so òwú pupa mọ́ ọn, ó sì lọ sílé lọ dúró kí ilẹ̀ àti wúrà mọra.

Ìgbà tó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, katakata Larter ti gba ibẹ̀ kọjá. Igun náà rí bí ẹ̀kọ tí wọ́n rò tí kò jiná. Igi ọparun ti di ìtayín. Ó rí òwú pupa náà lára táyà katakata ní ìdajì máìlì sí ibẹ̀, ó sì dúró wò ó bí ẹni tí wọ́n ka ìdájọ́ fún. Ọjọ́ kejì, yìnyín bo gbogbo rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé Doreen kò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà? Ohun tó jẹ́ ti Thelma wà nínú ilẹ̀ Larter lóòótọ́. Desmond ló sin ín. Kò mọ ibi tó wà mọ́. Ó sì ń wá a lójoojúmọ́ lórí eékún, ó ń gbàdúrà. Ohun tí Doreen fi kún un kò ju òkú lọ.

Thelma a máa pè é lórí tẹlifóònù. Ó máa ń béèrè ológbò, ó máa ń béèrè ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná, ní ìparí, á béèrè òrùka. Desmond á ní kó fọkàn balẹ̀, pé òrùka wà níbi tí olè kankan kò lè dé. Irọ́ kọ́ nìyẹn. Òun tó ni ín gan-an kò lè dé ibẹ̀. Thelma ní ìparí oṣù kejì ni òun ń bọ̀. Desmond gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ ṣòkòtò kẹrin.

Nígbà tí ìròyìn Doreen dé etí Rupert Larter, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ ló máa dáhùn bí wọ́n bá hú nǹkan níbẹ̀, nítorí náà ó mú ajá rẹ̀, ó lọ bá Desmond lóko. Wọ́n kí ara wọn bí àwọn ọkùnrin ibí ṣe ń kíra, ìyẹn ni pé wọ́n dárúkọ ara wọn, wọ́n gbà pé òtútù mú, wọ́n sì dákẹ́ títí ojú fi ti ajá. Lẹ́yìn náà ni Larter ní, "Desmond, wọ́n ní Thelma wà nínú ilẹ̀ mi."

Desmond, tí kò ronú ohun mìíràn ju òrùka lọ láti ìgbà tó ti jí, yọ hẹ́dífóònù kúrò ní etí kan. "Ta ló sọ fún ọ?"

Larter fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. "Òótọ́ ni, àbí?"

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Díẹ̀ lára rẹ̀ ni."

Larter wo ṣọ́bìrì tó wà lọ́wọ́ Desmond. Ó wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ojú ọ̀nà. "Apá ibo lára rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi?" Ohùn tí wọ́n fi ń bá màlúù tó fẹ́ kàn sọ̀rọ̀ ló fi béèrè.

"Ìka. Ọwọ́ òsì." Desmond wá gbé ojú sókè, ó rí ojú Larter, ó rí i pé ajá ti lọ dúró sẹ́yìn igi. "Òrùka ni mo ń wí, Rupert. Òrùka ọwọ́ rẹ̀. Thelma wà ní Sípéènì."

Larter rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sórí ilẹ̀ tó ti dì, wọ́n sì ní nígbà tó máa dìde, díẹ̀ lára ṣòkòtò rẹ̀ kò bá a dìde. Desmond bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Thelma bá gbọ́, ó ti parí. Bí ẹgbẹ́ bá gbọ́ pé awárin sin òrùka ìyàwó rẹ̀, tó wá wá a tì, kí wọ́n kúkú sin òun náà. Larter búra. Ó ní ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni òun ní: òun yóò gbin ọkà bálì kí oṣù kejì tó parí, bí irúgbìn bá sì ti wọlẹ̀, òun kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kan tẹ ibẹ̀ títí di ìkórè, ì báà jẹ́ ẹsẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù.

Láti ìgbà náà, eré ló kù tí Desmond kò fi ẹ̀rọ náà sá. Ẹ̀rọ ń ké, ó ń wa ilẹ̀, etí agolo. Ẹ̀rọ ń ké, ó ń wa ilẹ̀, etí agolo. Ó ní òun kò mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ Wickering mu bíà tó bẹ́ẹ̀ láti ayébáyé. Ó rù débi pé nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́, ẹ̀rọ tó gbé lọ́wọ́ ló ń dì í mọ́lẹ̀. Larter ń wò ó láti ojú fèrèsé, àánú sì ń ṣe é. Àánú àgbẹ̀ léwu. Ó rántí Neville Spinks.

Neville ni aṣáájú nínú ẹgbẹ́ awárin wa, ìyẹn ni pé òun ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń wọ aṣọ bíi ti sójà lọ sí oko àlùbọ́sà. Ó ti ń bẹ Larter fún ilẹ̀ yẹn ṣáájú kí Desmond tó fẹ̀yìn tì, Larter kò sì dá a lóhùn rí. Àmọ́ ní ọjọ́ tí Desmond lọ yọ eyín nígboro, Larter pe Neville, ó ní tó bá wù ú, kó wá fi ẹ̀rọ rẹ̀ gbá igun yẹn wò. Nítorí pé ó ti búra, kò sọ ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Ó rò nínú ara rẹ̀ pé bí Neville bá rí òrùka, yóò ké, òun yóò sì gbà á fún Desmond wẹ́rẹ́.

Larter mọ ọkà. Kò mọ awárin. Neville dé, ẹ̀rọ rẹ̀ ké, ó bẹ̀rẹ̀, ó rí wúrà tó ń wò ó láti inú ilẹ̀ Larter, kò ké, kò mí. Àṣà wọn nìyẹn: ohun gidi tí o bá rí, o kò gbọdọ̀ fi han ìyá tó bí ọ títí di ìpàdé, kí ẹlòmíràn má bàa sáré lọ jókòó sórí ibẹ̀. Ó dí ihò náà padà, ó fi òrùka sínú páálí ìṣáná tó tẹ́ òwú sí, ó juwọ́ sí Larter pé etí agolo ni. Larter mi orí, ó sì lọ sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Ọjọ́ kejì tí Desmond padà, ó rí ojú ihò tí wọ́n dí, ó rí ojú ẹsẹ̀ bàtà sójà. Wọ́n ní ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, àwọn pẹ́pẹ́yẹ inú kòtò kò tíì padà di ìsinsìnyí. Kò rò pé wọ́n ti rí òrùka. Ohun tó kàn rí ni pé ọkùnrin mìíràn ti wọ inú oko tí wọ́n fún òun láyè, ó sì dùn ún bí ẹni tó bá bàtà àjèjì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ń wá a lọ. Yìnyín yọ́. Larter gbé irúgbìn jáde. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí katakata wọ igun náà, Desmond dúró létí kòtò, ó ṣí fìlà bí ẹni tó wà nílé òkú.

Ọjọ́ Friday, Thelma dé. Ó gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Doreen wọlé, ara rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ra búrẹ́dì. Doreen wò ó bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà, ó ní òun kò sọ pé Thelma kú. Òun sọ pé wọ́n sin ín ni.

Nílé, Thelma béèrè òrùka. Desmond wo ìka rẹ̀, ó ní oríkèé yẹn ṣì wú díẹ̀, kó jẹ́ kó sinmi. Thelma ní kò burú. Ó wo abọ́ kékeré lójú fèrèsé, níbi tí Desmond ti fi ọṣẹ rọ́pò òrùka, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú obìnrin mọ̀ pé ó sàn kó pariwo.

Ọ̀sán Sátidé ni ìpàdé ẹgbẹ́ bọ́ sí. Ní gbọ̀ngàn abúlé, olúkúlùkù á gbé ohun tó rí lóṣù náà sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ife tíì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá wù lójú á ju bọ́tìnnì kan sínú ife náà. Ẹni tí ife rẹ̀ bá kún jù ló gba ife fàdákà tí wọ́n ń gbé kiri láti ọdún pípẹ́. Desmond kò gba ife yìí rí. Ó gbé ṣíbí kan tó ká kò sínú àwo, ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́, ó rí àwo Neville.

Inú òwú funfun ni òrùka náà wà, wọ́n ti fọ̀ ọ́. Desmond jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Pamela Utting, alága ẹgbẹ́, ti tẹríba lé e lórí pẹ̀lú díńgí tí ń sọ nǹkan di ńlá. Pamela ti wa bọ́ọ̀sì fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí wọ́n hú láti inú ilẹ̀ tí kì í ṣe ti láéláé lójú rẹ̀. Ó ti wo ìdérí ìgò mínírà rí, ó ní ti àwọn ará Róòmù ni. Ó wo inú òrùka, ó rí àwọn àmì tí alágbẹ̀dẹ wúrà tẹ̀ sí i, tí ogójì ọdún ìfọbọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́, ó ní èdè Látìn ni, pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń búra ìfẹ́. Ó ní ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Wúrà tó bá sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, òfin ní kí wọ́n fi tó ìjọba létí. Ọjọ́ Monday ni òrùka náà yóò lọ sọ́dọ̀ ìjọba, yóò sì gba ibẹ̀ wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Inú gbogbo wọn dùn. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Norwich, tó ti di ibi tí wọ́n ti ń gé irun, ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ra òrùka yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà sì wà lórí àga níbẹ̀, ó ń làágùn.

Thelma ló ń pín tíì. Ó gbé àwo tíì dé ọ̀dọ̀ Neville, ó dúró, ó wo òrùka náà pẹ́. Ó ti ọwọ́ bọ àpò ápúrọ́ọ̀nù, ó mú bọ́tìnnì kan jáde, ó jù ú sínú ife Neville.

"Ó rẹwà," ni ó wí. "Ó mà ṣe o, ẹni tó sọ ọ́ nù." Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó bu tíì fún ọkọ rẹ̀, Desmond sì gbé e mì ní gbígbóná, kò mọ̀ pé ó gbóná.

Síbẹ̀, ó ti rí ọ̀nà. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun ti pinnu láti dákẹ́. Ọjọ́ Sunday, òun yóò lọ bá Neville ní ìkọ̀kọ̀, òun yóò fún un ní ẹ̀rọ tuntun, òun yóò fún un ní oko Larter pàápàá, kó dá òrùka padà, kó sọ fún Pamela pé olè jí i. Ohun gbogbo ì bá lọ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Ó kù kí Neville jókòó ni.

Àmọ́ ẹni tó bá rí nǹkan gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀, kí Pamela lè kọ ọ́ sílẹ̀. Bí apẹja ṣe ń na apá nípa ẹja ni awárin ń na apá nípa ilẹ̀. Desmond fúnra rẹ̀ ti búra rí pé òun wa bọ́tìnnì kan láti ibi tí òun ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ayé. Kò sí ẹni tó ń já ẹnì kejì ní irọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwà ọmọlúwàbí tiwọn nìyẹn.

Neville dìde. "Ìgbọ̀nwọ́ kan gbáko," ni ó wí. "Ó ṣeé ṣe kó lé. Ẹ̀rọ tí kì í bá ṣe irú tèmi, kò lè gbọ́ ọ." Ó wá yíjú sí Desmond, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn kan ti ń rìn lórí rẹ̀ láti Kérésìmesì, wọn ò gbúròó rẹ̀. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Pamela gbé bírò. Desmond wà lórí ìdúró kó tó mọ̀.

"Irọ́ ni," ni ó wí.

Pamela ní kó jọ̀wọ́ jókòó, pé bọ́tìnnì tirẹ̀ lọ́jọ́sí, wọ́n kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́.

"Kò jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan."

"Ìwọ wà níbẹ̀ ni, Des?" Neville bi í.

"Èmi ni mo fi síbẹ̀."

 Desmond wá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí abọ́ ojú fèrèsé títí dé orí katakata. Kò wo Thelma títí ó fi parí. Ẹni tó bá wá láti abúlé mìíràn lè rò pé wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ayé, gbọ̀ngàn yìí nìkan ni ibi tí ohun tí Desmond ṣe ti bọ́gbọ́n mu. Bàbá kan ní ẹ̀yìn béèrè bóyá ó pẹ́ tó kí ilẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Òmíràn ní wúrà kì í bá ilẹ̀ mọra láéláé, pé bàbà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀, ó sì gbóná ju tíì lọ.

Thelma gba àárín wọn kọjá. Ó mú òrùka náà nínú òwú, ó nù ún sí ápúrọ́ọ̀nù, ó fi í sí ìka. Kò kọjá oríkèé. Ó jù ú sápò.

"Ogójì ọdún ni mo ti wà pẹ̀lú rẹ, Desmond," ni ó wí, "mi ò tíì mọ ohùn rẹ. Ìwọ fẹ́ mọ ohùn wúrà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì." Ó padà sídìí tíì.

Neville rí i pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti lọ, ó di ife fàdákà mú. Ó ní ẹni yòówù kó sin ín, òun lòun rí i, bọ́tìnnì sì ti wà nínú ife òun, ti Thelma pàápàá wà níbẹ̀. Pamela ní òótọ́ ni. Ó ní ohun tó kù ni pé kí òun kọ bí ó ṣe jìn tó, pé kí òun kọ kí ni báyìí. Neville, tó ń wá àlàáfíà, ní kí wọ́n pín in sí méjì, kí Pamela kọ ààbọ̀ ìgbọ̀nwọ́. Katakata lè ti tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ sí i.

Gbogbo ilé wo Desmond. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i, ó sì fi ọwọ́ kejì tọ́ka sí oríkèé kejì.

"Ẹ kọ ọ́ pé mo sin ín," ni ó wí. "Ẹ kọ ọ́ pé mo parọ́ fún ìyàwó mi lórí fóònù, pé mo tẹ̀ ẹ́ kọjá láìmọye ìgbà, etí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo ìyẹn, mo gbà. Àmọ́ ìka yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n, katakata Larter ò sì tẹ nǹkan wọlẹ̀ rí, òkè ló ń hú u sí. Ibí ló dé, Pamela. Wò ó dáadáa. Ibí yìí."